Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Iṣẹ́ Joseph Weizenbaum lórí Kọ̀ǹpútà àti Àwùjọ Ènìyàn

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá ní ilé ẹ̀kọ́ ló ń dún bí ẹni pé àná ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ rẹ̀ padà sí ọ̀dọ̀ Joseph Weizenbaum (1923–2008), onímọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ṣe ọ̀kan lára àwọn ètò àkọ́kọ́ tí ń bá ènìyàn fọ̀rọ̀ wérọ̀, tí ó sì padà di ẹni tí ń kìlọ̀ fún aráyé nípa irú ètò bẹ́ẹ̀. A wo ìgbésí ayé rẹ̀, ètò ELIZA tí ó gbé jáde ní 1966, ìwé rẹ̀ ti 1976, àtakò tí wọ́n ṣe sí i, àti ohun tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi kún iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Èrò wa ni pé ìbéèrè tí Weizenbaum béèrè kò tíì gbó: iṣẹ́ wo ni a kò gbọdọ̀ gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́, bí ẹ̀rọ náà tilẹ̀ lè ṣe é? A fi àbá kalẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ olùkọ́.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ChatGPT jáde fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà, ó ṣòro kí olùkọ́ méjì jókòó kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í kọ àròkọ fúnra rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn ń yọ̀ pé ìtura dé fún olùkọ́ tí iṣẹ́ àmúrelé ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí tábìlì rẹ̀. Nínú gbogbo awuyewuye yìí, ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni pé ẹnìkan ti la irú ọ̀nà yìí kọjá ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ó sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń gbọ́ ní láti rí ojú ara wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbé pọ̀n. Òwe yìí ni a fi ṣe òpó iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí Weizenbaum rí nípa ẹ̀rọ tirẹ̀ kò jìnnà sí i: ẹ̀rọ lè ní ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní ojú.

Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Weizenbaum, ó yẹ kí a dárúkọ Norbert Wiener (1894–1964), onímọ̀ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Wiener ṣiṣẹ́ lórí bí ìbọn ńlá yóò ṣe máa tọpa ọkọ̀ òfurufú ọ̀tá. Lẹ́yìn tí ogun parí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1947, ìwé ìròyìn Atlantic Monthly tẹ lẹ́tà rẹ̀ jáde, níbi tí ó ti kọ̀ láti fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò fi ṣe ohun ìjà. Ní 1950, ó gbé ìwé The Human Use of Human Beings jáde. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ẹ̀rọ tí ń darí ara rẹ̀ yóò yí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ padà, àti pé onímọ̀ tí ó ṣe ẹ̀rọ kò lè yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá fi ṣe.

Wiener ló la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ iwájú ni púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ rẹ̀ dá lé. Weizenbaum ní tirẹ̀ rí i kí ó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, nínú ọ́fíìsì tirẹ̀, láti ọwọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe.

Ìgbésí ayé Weizenbaum

Ìlú Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì ni wọ́n ti bí Joseph Weizenbaum ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1923, sínú ìdílé Júù. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ọmọ Júù jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní 1936, ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ̀dó sí Detroit. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Wayne. Ogun dá ẹ̀kọ́ náà dúró, ó sì bá àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ojú ọjọ́. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí Wayne, ó gba oyè, ó sì wà lára àwọn tí ó kan kọ̀ǹpútà kan pọ̀ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ General Electric. Ó wà lára àwọn tí ó ṣe ERMA, kọ̀ǹpútà tí Bank of America fi ń ka sọ̀wédowó, tí ó sì ń bá báǹkì náà ṣe ìṣirò owó àwọn oníbàárà. Ní 1963, ó di olùkọ́ ní MIT.

A ya ọ̀rọ̀ Jámánì àti ọ̀rọ̀ báǹkì yìí sọ́tọ̀ nítorí pé wọ́n jẹ yọ nínú èrò rẹ̀ nígbà tí ó yá. Ẹni tí ó rí i ní ọmọdé bí àwọn ọ̀mọ̀wé orílẹ̀-èdè kan ṣe gbé ìmọ̀ wọn fún ìjọba tí ń pa ènìyàn kò ní í gbà pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò bá ìwà tan. Ẹni tí ó sì ti kan ẹ̀rọ fún báǹkì mọ̀ pé ẹ̀rọ kì í dédé wọ ilé iṣẹ́. Ẹnìkan ló pè é wá, ẹni náà sì mọ ohun tí ó ń wá.

ELIZA: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Láàárín 1964 sí 1966 ni Weizenbaum ṣe ètò kan ní MIT tí ènìyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, tí òun náà yóò sì dá èsì padà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó sọ ọ́ ní ELIZA, orúkọ ọmọbìnrin tí ń ta òdòdó nínú eré onítàn Pygmalion tí George Bernard Shaw kọ. Nínú eré náà, wọ́n kọ́ ọmọbìnrin yìí ní bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn sì gbà pé ọlọ́lá ni. Orúkọ náà bá a mu dáadáa, nítorí pé ohùn ni wọ́n kọ́ ELIZA. Wọn kò kọ́ ọ ní òye. Ní oṣù kìíní ọdún 1966, Weizenbaum ṣàlàyé ètò náà nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, Communications of the ACM.

Bí ELIZA ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Yóò wá ọ̀rọ̀ kan tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú gbólóhùn tí ènìyàn tẹ̀. Bí ó bá rí i, yóò gé gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, yóò yí ‘mi’ padà sí ‘rẹ’, yóò sì tò ó sínú gbólóhùn mìíràn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ dè é. Kí a fi èdè Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹnìkan bá tẹ ‘Inú ń bí mi sí ìyá mi’, irú ètò yìí lè dáhùn pé ‘Kí ló dé tí inú fi ń bí ọ sí ìyá rẹ?’ Tàbí kí ó mú ọ̀rọ̀ náà ‘ìyá’, kí ó ní ‘Sọ sí i fún mi nípa ìdílé rẹ.’ Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ rárá, yóò ní kí onítọ̀hún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìyá. Kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìbínú. Odídẹrẹ́ pàápàá sàn jù ú lọ, nítorí ebi a máa pa odídẹrẹ́.

Ìwé ìlànà tí ó lókìkí jù nínú èyí tí ELIZA lò ni èyí tí ó pè ní DOCTOR, tí ó mú kí ó máa ṣe bí dókítà tí ń tọ́jú àárẹ̀ ọkàn, ní ìlànà Carl Rogers, tí dókítà fi ń dá ọ̀rọ̀ aláìsàn padà fún un kí ó lè tú inú rẹ̀ síta. Weizenbaum ṣàlàyé ìdí tí ó fi mú irú dókítà bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá ní òun lọ sí ọjà, tí dókítà ní ‘Sọ fún mi nípa ọjà’, aláìsàn kò ní í rò pé dókítà kò mọ ọjà. Yóò rò pé ó ní ohun tí ó ń wá. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi ìtumọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀. Níbí ni gbogbo ọgbọ́n ELIZA wà: ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún un.

Ohun tí ó kó ìpayà bá a

Weizenbaum sọ pé nǹkan mẹ́ta ló dẹ́rù ba òun. Èkíní ni pé àwọn oníṣègùn ọpọlọ kan gbà pé irú ètò yìí lè di dókítà tòótọ́. Kenneth Colby, oníṣègùn ọpọlọ ní Stanford tí ó ti bá Weizenbaum jíròrò, gbé irú ètò tirẹ̀ jáde ní 1966 pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá tún un ṣe dáadáa, ọ̀pọ̀ aláìsàn ló lè rí ìtọ́jú gbà láti ara kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ní ilé ìwòsàn tí dókítà kò ti tó.

Èkejì ni bí àwọn ènìyàn ṣe tètè fà mọ́ ELIZA. Akọ̀wé Weizenbaum ti ń wo bí ó ṣe ń ṣe ètò náà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó mọ̀ dájú pé ẹ̀rọ ni. Síbẹ̀, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀, kò pẹ́ tí ó fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó jáde nínú yàrá fún àwọn. Nígbà tí Weizenbaum sì ní òun fẹ́ ṣe é kí òun lè máa wo gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn bá ELIZA sọ, wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ tú àṣírí ọkàn àwọn ènìyàn. Ohun tí ènìyàn kò lè sọ fún aládùúgbò rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹta ni pé àwọn kan ń sọ kiri pé kọ̀ǹpútà ti gbọ́ èdè ènìyàn yé, nígbà tí ẹni tí ó ṣe é ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀. Agbẹ́gilére mọ̀ pé igi ni òun gbẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá ère nídìí ojúbọ ni kò gbà. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń fi orúkọ ELIZA pe bí ènìyàn ṣe máa ń rí ọkàn níbi tí kò sí ọkàn.

Ìwé ti 1976

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ELIZA, Weizenbaum tẹ ìwé rẹ̀ jáde, Computer Power and Human Reason. Kókó mẹ́ta nínú ìwé náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Kókó kìíní ni ìyàtọ̀ tí ó fi sáàárín ìpinnu tí ìṣirò lè bí àti yíyàn tí ó nílò òye ènìyàn. Ẹ̀rọ lè ka òfin, kí ó ka ẹ̀rí, kí ó sì gbé iye ọdún ẹ̀wọ̀n jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń dá ẹjọ́ ní láti mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí a fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Òye bẹ́ẹ̀ ń wá láti inú pé a bí onítọ̀hún, pé ebi ti pa á rí, pé ó ti ṣọ̀fọ̀ rí, pé òun náà yóò kú. Weizenbaum kò sọ pé kọ̀ǹpútà kò ní í lè dá ẹjọ́ láéláé. Ohun tí ó sọ wúwo ju ìyẹn lọ: bí ó bá tilẹ̀ lè dá a, kò yẹ kí a fún un dá. Ọ̀rọ̀ agbára ẹ̀rọ kọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó yẹ ọmọ ènìyàn ni. Ó sọ irú kan náà nípa ìtọ́jú àárẹ̀ ọkàn àti gbogbo iṣẹ́ tí àánú àti ìfẹ́ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Kókó kejì ni ti ẹni tí ó ni ẹ̀bi. Nígbà ogun Vietnam, kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ń ṣètò ibi tí bọ́ǹbù yóò bọ́ sí, ó sì tún ń gbé ìròyìn ogun jáde. Nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n ti ju bọ́ǹbù sí Cambodia ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì ti yí àkọsílẹ̀ padà, Weizenbaum tọ́ka sí bí àwọn ọ̀gá ogun ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ fún wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọlúàbí tí a rán níṣẹ́ ibi ṣì ní láti fi ọgbọ́n tirẹ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹ̀rọ kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Bí wọ́n ṣe rán an ni yóò ṣe jẹ́ ẹ. Nítorí náà, nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ sí àárín ẹni tí ń pàṣẹ àti ẹni tí ìyà ń jẹ, ẹni tí ó lè kọ iṣẹ́ náà ni a ti yọ kúrò.

Kókó kẹta ló ya ọ̀pọ̀ òǹkàwé lẹ́nu. Gbogbo ayé ń pe kọ̀ǹpútà ní ohun tí ó yí nǹkan padà. Weizenbaum ní ó gba àwọn ètò àtijọ́ lọ́wọ́ ìyípadà. Nígbà tí sọ̀wédowó pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ká lọ, àwọn báǹkì ìbá ti ní láti pín iṣẹ́ wọn sí kéékèèké tàbí kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn. Kọ̀ǹpútà dé, wọ́n sì lè máa tóbi lọ bí wọ́n ṣe wà. Bákan náà ni ti ètò ìrànwọ́ ìjọba àti ti ológun. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé kí a tó yìn ẹ̀rọ pé ó yanjú ìṣòro, kí a bi ara wa pé ojútùú mìíràn wo ni kò jẹ́ kí a wá.

Àtakò

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. John McCarthy, ọ̀kan lára àwọn tí ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ọgbọ́n àtọwọ́dá sílẹ̀, ta ko ìwé náà ní 1976 kan náà. Ó ní ìwàásù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó ní bí ìwàásù bá le tí kò sì ṣe pàtó, àwọn aláṣẹ lè fi dí ìwádìí tí wọn kò fẹ́ lọ́wọ́. Àtakò yìí ní ìwúwo. Weizenbaum kò fún wa ní òṣùwọ̀n kan tí a lè fi wọn gbogbo iṣẹ́, kí a mọ èyí tí ẹ̀rọ lè ṣe àti èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe.

A tún lè fi kún un pé ẹni tí kò rí dókítà rárá lè ní ẹ̀rọ sàn ju òfo lọ. Ohun tí Colby rò nìyẹn, a kò sì lè pè é ní òǹrorò. Ṣùgbọ́n a rí i pé kókó kẹta Weizenbaum dáhùn apá kan nínú rẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ rọ́pò dókítà níbi tí dókítà kò tó, ta ni yóò tún béèrè pé kí ìjọba kọ́ dókítà sí i? Àìtó náà yóò di ohun tí ó bójú mu.

Lẹ́yìn Weizenbaum

Weizenbaum fẹ̀yìn tì ní MIT ní 1988. Ní 1996, ó padà sí Berlin, ìlú tí wọ́n ti lé e ní ọmọdé, ó sì ń sọ̀rọ̀ káàkiri fún àwọn ọ̀dọ́ títí ó fi kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008. Ní 2017, wọ́n dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní Berlin tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1985, James Moor kọ àròkọ tí ó ṣàlàyé ìdí tí ìwà nípa kọ̀ǹpútà fi yẹ kó jẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ lọ́tọ̀: ẹ̀rọ titun máa ń mú ká lè ṣe ohun tí kò sí ìlànà kankan fún. Ní ọdún yẹn kan náà, Deborah Johnson gbé ìwé ẹ̀kọ́ Computer Ethics jáde. Ní 2018, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru dán ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mẹ́ta wò, tí ń wo ojú ènìyàn kí ó sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ fífẹ́rẹ̀, àṣìṣe tí ó pọ̀ jù kò ju ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Fún àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó tó ìdá 34.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Weizenbaum ní ẹ̀rọ kò ní ojú. Àwọn obìnrin méjì yìí fi hàn pé ojú tí wọ́n fún un kò rí gbogbo wa bákan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú UNESCO fọwọ́ sí ìmọ̀ràn lórí ìwà nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni di òfin ní 2023.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Àwọn ẹ̀rọ òde òní lágbára ju ELIZA lọ fíìfíì. ELIZA ń gé gbólóhùn, ó sì ń tò ó. Àwọn ti ìsinsìnyí ti ka ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà tán láyé. Síbẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí akọ̀wé yẹn ṣì ń ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdààmú bá lóru ń sọ ọ́ fún ẹ̀rọ orí fóònù rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá sì ṣe gbọ́ èdè tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ṣòro tó fún un láti rántí pé kò sí ẹnìkankan níbẹ̀.

A kò sọ pé kí olùkọ́ má lo ẹ̀rọ. Ó lè bá a to ètò ẹ̀kọ́, ó lè wá àpẹẹrẹ fún un, ó lè ka máàkì pọ̀. Ìṣirò ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tí kò ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Ṣé ọ̀lẹ ni, àbí ebi ló ń pa á wá sílé ìwé? Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, àbí èdè tí a fi bi í ni kò yé e? Olùkọ́ tí ó bá wo ojú ọmọ náà lè mọ̀. Àwọn máàkì inú ìwé kò sọ ọ́, ẹ̀rọ tí ó ka máàkì náà kò sì lè mọ ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó fa ìbẹ̀rù wa ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ti pọ̀ jù, ẹ̀rọ ni a ó kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí, tí a kò ní í béèrè fún olùkọ́ sí i mọ́, gẹ́gẹ́ bí báǹkì kò ṣe béèrè ohun mìíràn nígbà tí ERMA dé.

Ìkádìí àti àbá

Ìtàn Weizenbaum fi hàn pé ẹni tí ó mọ inú ẹ̀rọ jù lè jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀, àti pé ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Lójú tiwa, a dábàá pé:

1. Kí ẹ̀kọ́ nípa ìwà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wọ inú ètò ẹ̀kọ́ NCE, kí a sì máa kọ́ ọ pẹ̀lú ìtàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà rò pé àná ni ayé bẹ̀rẹ̀.

2. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rí bí ètò tí ó rọrùn bíi ELIZA ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí ìdí idán kì í tètè bọ onídán.

3. Kí ẹ̀rọ má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ ìkẹyìn lórí ẹni tí yóò yege, ẹni tí yóò tún kíláàsì ṣe, tàbí ẹni tí a ó lé kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó dá a gbọ́dọ̀ ní orúkọ, kí òbí lè rí i bi.

4. Kí ilé ẹ̀kọ́ má fi ẹ̀rọ rọ́pò ẹ̀ka tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, kí a sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ẹ̀rọ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa tí ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kàn, nítorí pé ọ̀dọ̀ wa ni olùkọ́ ọ̀la ti ń kọ́ ohun tí ó yẹ kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò, tí kò gbọdọ̀ rán ẹ̀rọ lọ wò fún un.